“Àyà Mi Ń Já”: Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Ọkàn Àwọn Ìyá Wa Lẹ́yìn Tí Nǹkan Oṣù Bá Ti Dúró

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, bí màmá yín bá sọ fún yín pé, “Àyà mi ń já,” kí lẹ máa sọ fún dókítà? Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí wọ́n bí sí òkè òkun á sọ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ìtumọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́. Àyà máa ń já nígbà tí ẹ̀rù bá bani lójijì. Ṣùgbọ́n bí obìnrin ẹni ọdún 63 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru bá jókòó jẹ́ẹ́, tó ń wo tẹlifíṣọ̀n, tó wá ní àyà òun ń já, ó lè má sí ohun kankan tó ń bà á lẹ́rù. Ó lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ gan-an ló ń lù ségesège. Bí dókítà bá gbọ́ “ẹ̀rù,” ọ̀rọ̀ ìtùnú ló máa bá wọn sọ. Bó bá gbọ́ pé ọkàn ń lù kìkì, ó ń dúró, ó tún ń sáré, á yẹ ọkàn wọn wò.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní gúúsù London. Mo ti pé ọdún 54, nǹkan oṣù mi sì ti dúró láti bí ọdún mẹ́ta. Màmá mi ti pé 78, ó sì ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru fún ohun tó ju ogún ọdún lọ. Èmi náà ní in nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn màmá wa nìkan ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ tiwa náà ni, àwa tí a ń gbọ́mọ lọ sí ilé ìwé láàárọ̀ tí a tún ń gbé ìyá lọ rí dókítà lọ́sàn-án.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró, ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń bá ọkàn obìnrin jà láìpariwo. Ọ̀rọ̀ tí à ń fi ṣàlàyé rẹ̀ sì lè bò ó mọ́lẹ̀, yálà ní Yorùbá tàbí ní èdè òyìnbó. Àwa tí a wà láàárín èdè méjèèjì la lè tú u síta.

Kí ló ń yí padà nínú ara?

Ní Britain, nǹkan bí ọdún 51 ni nǹkan oṣù máa ń dúró fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Àwọn kan á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí àmì rẹ̀ láti ogójì ọdún ó lé díẹ̀. Ohun tó ń dínkù nínú ara nígbà náà ni hòmóònù tí wọ́n ń pè ní estrogen. Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ pé òun ló ń ṣètò nǹkan oṣù. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ ni pé ó tún ń bá iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣiṣẹ́: ó ń jẹ́ kí iṣan rọ̀, kó lè fẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá fẹ́ kọjá.

Tí estrogen bá ti lọ sílẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ẹ ronú nípa rọ́bà tí a fi ń fa omi sí ọgbà, tí oòrùn ti pa fún ọdún púpọ̀. Omi kan náà ló ń gbà á kọjá, ṣùgbọ́n rọ́bà ọ̀hún ò lè fẹ̀ mọ́. Lákòókò kan náà, ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ sí i, ara á sì máa kó ọ̀rá sí ikùn ju ìdí lọ. Ìdí nìyẹn tí BP obìnrin fi máa ń gòkè lẹ́yìn àádọ́ta ọdún. Nígbà èwe, ti ọkùnrin ló sábà máa ń ga ju ti obìnrin lọ. Tí a bá ti ń dàgbà, obìnrin á bá wọn, á sì kọjá wọn nígbà mìíràn.

Kí ni èyí ń ṣe fún ọkàn? Iṣan ara ni ọkàn. Bí apá ẹni tó ń gúnyán lójoojúmọ́ ṣe máa ń ki, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn tó ń ti ẹ̀jẹ̀ sínú iṣan líle lójoojúmọ́ ṣe máa ń ki. Ṣùgbọ́n kíki ti ọkàn kò dára. Ọkàn tó ti ki jù ṣì lè fún ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní lè sinmi kí ó tó gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn wọlé. Ẹ̀jẹ̀ á wá máa dá padà sí ẹ̀dọ̀fóró. Èémí ò ní délẹ̀. Ẹsẹ̀ á máa wú. Irú àìlera ọkàn yìí wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn àgbà obìnrin tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Nǹkan méjì mìíràn tún wà. Ọkàn tó ti ń ṣe làálàá fún ọdún púpọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú rẹ̀, kí èyí tó dì yẹn lọ dí iṣan kan nínú ọpọlọ, kó sì di àrùn rọpárọsẹ̀. Bákan náà, àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn fúnra rẹ̀ lè dí, kí ìkọlù ọkàn sì ṣẹlẹ̀. Àrùn jẹjẹrẹ ọyàn la máa ń bẹ̀rù jù, ó sì yẹ ká bẹ̀rù rẹ̀. Síbẹ̀, ní Britain, iye obìnrin tí àrùn iṣan ọkàn ń pa lọ́dọọdún ju ìlọ́po méjì iye tí jẹjẹrẹ ọyàn ń pa lọ.

Orúkọ tó lè tan ènìyàn jẹ

Ẹ jẹ́ ká wo orúkọ àìsàn náà: ẹ̀jẹ̀ ríru. Òkun a máa ru, inú a máa ru, a sì máa ń rí i tàbí kí a mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó bá gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ òun ń ru á máa retí pé òun á mọ̀ nígbà tó bá ru. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi ara hàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti sọ pé ó lé ní bílíọ̀nù kan àgbàlagbà tó ní in láyé, àti pé nǹkan bí ìdajì wọn ni kò mọ̀.

Màmá mi kì í lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó máa ń lò ó ní ọjọ́ tí “ẹ̀jẹ̀ bá ru.” Báwo ló ṣe ń mọ ọjọ́ náà? Ooru á mú un lójijì láti àyà dé orí, òógùn á bò ó, ojú rẹ̀ á gbóná. Ó ti pé ọdún 52 nígbà yẹn. Ooru tí ìdúró nǹkan oṣù ń mú wá ni. Kò ní í ṣe pẹ̀lú nọ́ńbà BP rẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀, BP rẹ̀ lè wà ní 170, kò sì ní fọwọ́ kan oògùn. Nígbà tí ooru náà wá lọ pátápátá lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó ní Ọlọ́run ti wo òun sàn. Ó gbé oògùn tì.

Ìgbà tó di ọdún 2019, orí àga ló ń sùn. Ó ní bóun bá fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí òun ò ní délẹ̀. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ní, “Àgbà ló ń dé.” Bọ́ọ̀lì ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, wọ́n ní bàtà ló há. Ọkàn rẹ̀ ló ti ki. Wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó, wọ́n rí i, wọ́n sì tún oògùn rẹ̀ tò. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn báyìí, pílò méjì péré ló ń lò, ó sì tún ń lọ sí ọjà fúnra rẹ̀. Àmọ́ ohun tó ti ki nínú ọkàn ò rọrùn láti dá padà. Ọdún mélòó kan ni ooru fi ṣe àfipè ẹ̀jẹ̀ ríru fún un.

Mo tún máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé nǹkan oṣù ló ń kó ẹ̀jẹ̀ burúkú jáde, àti pé bó bá ti dúró, ẹ̀jẹ̀ náà á pọ̀ jù nínú ara, òun ló sì ń ru. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ kàn fi sùúrù ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ ò kún inú ara nítorí pé nǹkan oṣù dúró. Ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ló le. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, torí ẹni tó gbà pé ẹ̀jẹ̀ ló pọ̀ á máa wá àgbo tó ń “fọ ẹ̀jẹ̀,” nígbà tó jẹ́ pé oògùn ojoojúmọ́ ló nílò.

Bí a ṣe lè gbé ọ̀rọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà

Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá wa nìwọ̀nyí, àti ohun tó yẹ kí a bi wọ́n kí a tó túmọ̀.

- “Àyà mi ń já,” “àyà mi ń lù kìkì.” Ẹ bi wọ́n: ṣé ẹ̀rù kan wà níbẹ̀, àbí ẹ jókòó jẹ́ẹ́ ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ń lù geere, àbí ségesège? Bí ẹ̀rù ò bá sí níbẹ̀, ẹ sọ fún dókítà pé bí ọkàn wọn ṣe ń lù ló yí padà, kí ẹ sì sọ bó ṣe pẹ́ tó.

- “Èémí mi ò délẹ̀,” “mò ń mí gúlegúle.” Pílò mélòó ni wọ́n fi ń sùn? Ṣé wọ́n máa ń jí lóru láti jókòó kí wọ́n lè mí? Ìdáhùn sí ìbéèrè méjì yìí wúlò fún dókítà ju “she is tired” lọ.

- “Ó ń rẹ̀ mí tẹnutẹnu.” Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n lè ṣe ní ọdún tó kọjá tí wọn ò lè ṣe mọ́. Ṣé àtẹ̀gùn ni? Ṣé ijó ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni? Ṣé ìrìn láti ibùdókọ̀ dé ilé ni?

- “Àyà ń ta mí,” “inú mi ò dáa.” A sábà máa ń rò pé ọgbẹ́ inú ni tàbí ata tí wọ́n jẹ. Lóòótọ́, àyà dídùn ni àmì ìkọlù ọkàn tó wọ́pọ̀ jù fún obìnrin náà. Ṣùgbọ́n ó lè wá pẹ̀lú èébì, òógùn tútù, ìrora ẹ̀yìn tàbí ti àgbọ̀n ìsàlẹ̀, àárẹ̀ òjijì tàbí kí èémí má délẹ̀. Bí irú èyí bá dé, ẹ má dúró de àárọ̀, ẹ má sì ṣe omi gbígbóná. Ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì: 999 ní Britain, 911 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, 192 ní Brazil.

- “Ẹsẹ̀ mi wú.” Ó lè jẹ́ oògùn amlodipine ló fà á, torí ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ ọkàn, ó sì lè jẹ́ kíndìnrín. Ẹ jẹ́ kí dókítà ló máa sọ èyí tó jẹ́.

Bí ojú, ẹnu tàbí apá kan bá dédé rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ò bá dán mọ́ lẹ́nu, àmì rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Nọ́ńbà pàjáwìrì kan náà lẹ máa pè, lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè tó ṣòro láti bi ìyá

Ta ló fẹ́ jókòó bi ìyá rẹ̀ nípa nǹkan oṣù? Àṣà wa ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá náà ló sọ pé ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nǹkan mẹ́rin wà tó yẹ kí dókítà mọ̀, tó jẹ́ pé ìyá nìkan ló lè sọ ọ́.

Àkọ́kọ́, ọdún tí nǹkan oṣù wọn dúró. Bó bá dúró kí wọ́n tó pé ogójì ọdún, tàbí tí wọ́n ti gé ilé ẹyin kúrò nígbà tí wọ́n ṣì kéré, ewu ọkàn pọ̀ sí i, torí ọdún tí estrogen ò fi sí lára wọn pọ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ìkejì, bóyá wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí pre-eclampsia nínú oyún. Ọ̀pọ̀ ìyá rò pé ọ̀rọ̀ yẹn parí níjọ́ tí wọ́n bímọ. Kò parí. Ewu àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti ẹni tí kò ní in. Láti ọdún 2011 ni àjọ àwọn onímọ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà, American Heart Association, ti kà á mọ́ ohun tó ń fi ewu ọkàn hàn. Ìkẹta, ta ló ní àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ nínú ẹbí, ọmọ ọdún mélòó sì ni? Ìkẹrin, gbogbo oògùn àti àgbo tí wọ́n ń lò, títí kan èyí tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ láti ilé.

Ọ̀nà tí mo fi bi màmá mi rọrùn. Mo sọ ọ̀rọ̀ tèmi ṣáájú. Mo ní, “Mọ́mì, nǹkan oṣù mi ti dúró o. Dókítà ní kí n bi yín bóyá tiyín náà tètè dúró, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n á ṣe tọ́jú èmi.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá tí kò ní fẹ́ kí ẹ tọ́jú òun á fẹ́ ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ọkùnrin ni yín tí ọ̀rọ̀ náà sì wúwo lẹ́nu yín, ẹ ní kí aya yín tàbí àbúrò yín obìnrin bá yín bi wọ́n. Àwọn àǹtí náà wà ńlẹ̀, wọ́n mọ púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka nọ́ńbà fún màmá àgbà

Ẹ̀rọ BP tó ń so mọ́ apá kò wọ́n. Ẹ ra èyí tí àwọn onímọ̀ ti dánwò, kí bẹ́líìtì rẹ̀ sì ba apá wọn mu, torí bẹ́líìtì kékeré lórí apá ńlá máa ń mú nọ́ńbà ga ju bó ṣe rí lọ. Kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn wọn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá sinmi lórí tábìlì ní ọ̀gangan ọkàn. Wọn ò gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣòro fún àwọn màmá wa, pàápàá tí fóònù bá ń dún. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mejì nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ mẹ́rin sí méje, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún dókítà.

Iṣẹ́ àwọn ọmọ yín nìyí. Kí wọ́n ka nọ́ńbà náà ní Yorùbá. 120 lórí 80 ni ọgọ́fà lórí ọgọ́rin. Ní Britain, bó bá dé 140 lórí 90 lọ́dọ̀ dókítà, ìyẹn ogóje lórí àádọ́rùn-ún, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Tí a bá wọ̀n ọ́n nílé, 135 lórí 85 ni ààlà. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún ní Yorùbá: márùndínlógóje lórí márùndínláàádọ́rùn-ún. Ààlà ti ilé fi márùn-ún dín sí ti ọ̀dọ̀ dókítà lókè àti nísàlẹ̀, èdè wa sì ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọmọ mi tó ń bẹ̀rù àyọkúrò tẹ́lẹ̀ ti ń pè é geere báyìí, torí pé màmá àgbà ń dúró de nọ́ńbà náà lórí fídíò.

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2017, 130 lórí 80 ni wọ́n ti ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Torí náà, ẹ má yà yín lẹ́nu bí ẹ̀gbọ́n yín ní Houston bá ní òun ní in tí ti yín ní London ò sì tíì di nǹkan kan pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà. Níbikíbi tí ẹ bá wà, 180 lórí 120 pẹ̀lú àyà dídùn, àìlèmí, ìríran tó ṣú tàbí ara tó ń rọ, pàjáwìrì ni.

Ní England, ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún tí kò tíì ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè yà ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà oògùn kí wọ́n wọn BP rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa ìyá tí a ń sọ pé a ò ráyè nìyẹn kàn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Ṣé ẹ̀jẹ̀ wa ló rí bẹ́ẹ̀?

A máa ń gbọ́ pé ènìyàn dúdú àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, ju ìdajì àwọn àgbàlagbà obìnrin dúdú ló ní in. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ wọn BP àwọn ènìyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ibi mẹ́ta, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1997. Ìgbó-Ọrà, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì, wà lára ibi tí wọ́n dé. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in. Ní àwọn erékùṣù Caribbean, ó jẹ́ 26. Ní Amẹ́ríkà, ó jẹ́ 33. Bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí ilé, bẹ́ẹ̀ ló ń pọ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ló fà á, kì bá má gòkè bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń jẹun, bí a ṣe ń jókòó, ara tó ń wúwo àti wàhálà tí a ń rù wà níbẹ̀.

Ibi ìdáná ni ká ti bẹ̀rẹ̀. WHO ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gírámù 5 lóòjọ́, nǹkan bíi ṣíbí tíì kan fún gbogbo ohun tó jẹ. Nǹkan bí ìdajì Maggi jẹ́ iyọ̀. Bí a bá ti sọ mẹ́ta sínú ọbẹ̀ tí a tún bu iyọ̀ lé e, a lè ti kọjá ààlà kí a tó kan búrẹ́dì. Káún tí a fi ń se ewédú àti gbẹ̀gìrì náà ní sódíọ̀mù nínú, bí kò tilẹ̀ dùn bí iyọ̀. Irú, ata, àlùbọ́sà, efinrin àti atalẹ̀ lè mú ọbẹ̀ dùn tí a bá fún wọn láyè, kí irú náà sì jẹ́ èyí tí wọn ò fi iyọ̀ sí púpọ̀.

Ẹ wo àpótí oògùn wọn náà. Ibuprofen tí wọ́n ń lò fún orúnkún lè mú BP gòkè. Asofẹ́yẹjẹ tí àwọn babaláwo àti eléwé ọmọ ń lò kì í ṣe eré: inú irú igi rẹ̀ ni wọ́n ti rí reserpine, tó di oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn ní àwọn ọdún 1950. Nítorí pé ó lágbára gan-an ni kò ṣe yẹ kí a lò ó pọ̀ mọ́ oògùn dókítà láìsọ fún un. BP lè já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí àgbà sì ṣubú.

Oògùn àti hòmóònù

Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń dá oògùn dúró nítorí ohun tó ń ṣe fún wọn. Amlodipine lè mú ẹsẹ̀ wú. Ramipril lè mú ikọ́ gbígbẹ wá. Oògùn mìíràn wà. Kí wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà kó pààrọ̀ rẹ̀, dípò kí wọ́n gbé e tì láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti HRT, ìyẹn oògùn hòmóònù, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n dá dúró ní 2002 kó ìbẹ̀rù bá gbogbo ayé, torí pé ó fi hàn pé àwọn tó lo hòmóònù méjì pọ̀ ní ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti jẹjẹrẹ ọyàn díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà ló ti kọjá ọgọ́ta ọdún. Ohun tí àwọn dókítà ń sọ báyìí ni pé HRT dára fún ooru àti àìsùn fún ọ̀pọ̀ obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n wọn kì í fúnni nítorí àtidáàbò bo ọkàn. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè lò ó, bí BP rẹ̀ bá ti wálẹ̀. Èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ara kì í sì í mú ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì pọ̀ sí i bíi ti oníhóró. Ẹ bi dókítà yín.

Ṣáájú ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀

Ẹ pe màmá yín. Ẹ bi wọ́n ní pílò mélòó ni wọ́n fi sùn lánàá. Ẹ bi wọ́n ní nọ́ńbà BP wọn tó kẹ́yìn, kí ẹ má sì gba “ó dáa” gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn, torí pé “ó dáa” kì í ṣe nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin obìnrin inú wa tó ti kọjá ogójì lọ wọn tiyín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ yín á ti rí i. Lọ́jọ́ kan, àwọn ni yóò máa túmọ̀ fún wa.